Rọ́bà tuntun tó dá gáàsì kẹ́ẹ̀gì ọtí mi dúró

Ọtí ọkà bàbà ni mo pọn fún ìkómọjáde ọmọ àbúrò mi níbí ní Houston. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo so kẹ́ẹ̀gì mọ́ sìlíńdà gáàsì CO2, èyí tó ń mú ọtí hó, oníwọ̀n pọ́ùn 5 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ kún, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú máa fi mọ́, sìlíńdà ti gbẹ táútáú, ọtí ò sì hó rárá. Ó dùn mí wọra.

Kẹ́ẹ̀gì tí mò ń wí kì í ṣe oníke tí a fi ń ra epo pupa o. Irin tí kì í dípẹtà ni, Cornelius ni wọ́n ń pè é, gálọ́ọ̀nù 5 ló ń gbà, bíi lítà 19. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ló ń lò ó tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlòkù rẹ̀ fi wà káàkiri. Àlòkù ni tèmi. Ẹni tó tà á fún mi ní kò jò.

Ojú márùn-ún ni òrùka rọ́bà wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ńlá yí ìdérí ká. Ẹnu méjì ló wà lókè, ti gáàsì àti ti ọtí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà lára níta, ó tún ní kékeré kan lábẹ́, lọ́rùn ọ̀pá tó wọnú lọ. Mo ra ìdì kan tó ní gbogbo márààrún, pẹ̀lú gírísì sílíkónì tó ṣeé fi kan oúnjẹ.

Rọ́bà ìdérí nìkan ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀. Èyí tí mo yọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti le, òórùn mínírà ọsàn ṣì ń ta lára rẹ̀. Síbẹ̀ gáàsì ń lọ. Mo wá po ọṣẹ mómi, mo fọ́n ọn sí gbogbo ojú ibi tí rọ́bà wà, mo dojú kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìhó kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ wú jáde nídìí ẹnu gáàsì, ó bẹ́, òmíràn wú. Nígbà tí mo tú ibẹ̀, rọ́bà kékeré abẹ́ rẹ̀ ti là.

Kí ẹ tó fi sípánà kàn án, ẹ yọ okùn gáàsì, kí ẹ sì fa fáàfù orí ìdérí títí kò fi ní fẹ́ mọ́. Agbára tó wà nínú ibẹ̀ lè fi irin gbá èèyàn lójú. Tí ẹnu méjèèjì bá jọ ara wọn lójú yín, èyí tí wọ́n gé lára ní igun ni ti gáàsì.

Gírísì yẹn, fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má fi Vaseline rọ́pò rẹ̀: ó máa ń ba irú rọ́bà kan jẹ́, ọ̀rá rẹ̀ sì ń pa ìfófòó ọtí.

Ohun tí ìdì náà ò sọ fún mi, torí kò sí ìwé ìlànà kankan nínú rẹ̀, ni pé ìdérí kì í jókòó dáadáa bí gáàsì bá kéré. Inú ló ti ń tì síta. Gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà. Mo ṣí i sí psi 30 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì), mo gbọ́ bó ṣe dún gbì, kí n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 12. Àìsí ìwé yẹn ni mo fi yọ máàkì kan. 9 nínú 10 ni mo fún un.

Rọ́bà ìdérí inú ìdì yìí, sílíkónì funfun ni. Ó rọ̀ ju dúdú lọ, ó bá ẹnu kẹ́ẹ̀gì mi tó ti wọ́ díẹ̀ mu. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń ráyè gba ara sílíkónì kọjá ju rọ́bà dúdú lọ. Ọtí ọkà bàbà tí à ń mu tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí wàhálà. Bíà tí mo bá fẹ́ fi pamọ́ fún oṣù mélòó kan, dúdú ni màá fi sí i.

Sìlíńdà tí mo rọ lẹ́yìn ìkómọjáde náà ti gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, kò tíì tán. Ọmọ náà ti ń rá báyìí.