Ìfiwéra: Sọ́fítíwíà wo lẹ máa fi ṣí ISO àti BIN láì bọ́ọ̀nù síídì?

Púpọ̀ láptọ̀ọ̀pù tí wọ́n ń tà báyìí ò ní ibi tí wọ́n ń ki síídì sí mọ́, àmọ́ fíìmù àtijọ́ àti gẹ́ẹ̀mù ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwa èèyàn ní fáìlì ISO, BIN, NRG tàbí MDF, ìyẹn ẹ̀dà odindi síídì tàbí DVD tí wọ́n sọ di fáìlì. Kò sí ìdí láti lọ ra síídì òfìfo. Kẹ́ ẹ tó fi káàdì yín san dọ́là fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì yẹn, torí òun ló máa sọ bóyá ẹ nílò kẹ́ ẹ ra nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ ISO, tí Windows yín sì jẹ́ 8, 10 tàbí 11, ẹ má náwó rárá. Láti Windows 8 tó jáde ní 2012 ni ohun tó ń ṣí ISO ti wà nínú Windows fúnra ẹ̀. Ẹ right-click fáìlì náà, ẹ tẹ Mount, dírááfù tuntun á yọ ní This PC bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ki síídì sí i, tẹ́ ẹ bá ṣetán ẹ right-click dírááfù yẹn kẹ́ ẹ tẹ Eject, ó parí. Àléébù ẹ̀ ni pé kò mọ BIN, NRG àti MDF, tẹ́ ẹ bá sì restart, ẹ ní láti tún un mount. Windows 7 ò ní i.

Fíìmù DVD ńkọ́? VLC, sọ́fítíwíà tó ń ṣí fíìmù àti orin, ni, ẹ má wò yàn-án-yàn-án. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn wọ́ ISO náà jù sínú ẹ̀, ménù fíìmù á jáde, kò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ mount nǹkan kan. Láti Windows 8 ni Windows fúnra ẹ̀ ti yéé ṣí fíìmù DVD, Microsoft wá ń ta áàpù kan ní 14.99 dọ́là fún iṣẹ́ yẹn, èmi ò rí ohun tí èèyàn fẹ́ fi ṣe nígbà tí VLC wà.

VCD lẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ fún, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tá a dàgbà sí wà, àwọn Part 1 àti Part 2 yẹn. Síídì kan ò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ ni wọ́n ṣe ń pín in. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba yín kọ VCD sí ISO! Ibi kéékèèké tí wọ́n pín síídì sí, ISO máa ń mú báìtì 2,048 péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ 2,324 ni fíìmù VCD ń lò níbẹ̀, ohun tó kù á ṣòfò, fíìmù á sì bàjẹ́. BIN ń kó gbogbo 2,352 tó wà níbẹ̀ pátá. Torí náà BIN àti CUE (fáìlì kékeré tó ń sọ bí nǹkan inú BIN ṣe tò) ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe fún yín, tẹ́ ẹ bá wọ́ BIN yẹn sínú VLC, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ṣí lójú ẹsẹ̀.

Fún gẹ́ẹ̀mù àti sọ́fítíwíà tó wà ní BIN, NRG tàbí MDF, ẹ wo WinCDEmu àti Virtual CloneDrive, sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi dírááfù síídì, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì. Virtual CloneDrive lè gbé dírááfù 15 lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ ISO, BIN àti CCD (irú ẹ̀dà síídì míì). WinCDEmu mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo yàn, torí ó gba NRG àti MDS/MDF (MDS ni fáìlì kékeré tó ń bá MDF rìn) pẹ̀lú, ó sì fúyẹ́. CUE lẹ máa tẹ̀ níbẹ̀ o, kì í ṣe BIN. Tó bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ fi Notepad ṣí CUE yẹn, ẹ máa rí nǹkan bíi FILE "fiimu.bin" BINARY. Tí ẹnì kan bá ti yí orúkọ BIN padà, CUE ò ní rí i mọ́, ẹ kàn kọ orúkọ tuntun yẹn sáàárín àmì náà kẹ́ ẹ sì sefù ẹ̀.

Àwọn tó ń gba owó wá ńkọ́. DAEMON Tools Lite ní ti ọ̀fẹ́ tó kún fún ìpolówó, ẹ sanwó kó tó lọ. Àwọn èèyàn máa ń rà á nítorí gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ tó ní SafeDisc, ààbò tí wọ́n fi ń dènà ṣíṣe ẹ̀dà síídì, àmọ́ láti Windows 10 ni Microsoft ti yọ dráífà (sọ́fítíwíà kékeré inú Windows) tí SafeDisc nílò kúrò, ìyẹn ni pé ẹ lè sanwó tán kí gẹ́ẹ̀mù ṣì kọ̀. PowerISO ń lọ sí bíi 30 dọ́là, ti àdánwò ẹ̀ ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tàbí tún fáìlì tó ju 300MB ṣe, bẹ́ẹ̀ DVD kan lè tó 4.7GB. Ẹni tó ń yọ nǹkan kúrò nínú ISO tó sì ń fi nǹkan sí i lójoojúmọ́ ló tọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi ISO Windows sórí fláàṣì ni, Rufus á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ń lo Mac, ẹ tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí. Àwọn ará Ubuntu náà ò ní wàhálà pẹ̀lú ISO, tó bá jẹ́ BIN ni kí wọ́n wá CDemu, ọ̀fẹ́ lòun náà.