Irinṣẹ́ ìṣírò ọ̀nà òfurufú: ẹ gba kìlómítà rẹ̀ gbọ́, ẹ má gba wákàtí rẹ̀

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ ó kọ orúkọ ìlú méjì sí i, yóò sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó àti iye wákàtí tí bàálù máa lò. Láàárín ìlú ńlá sí ìlú ńlá, àléébù rẹ̀ kì í tètè hàn. Ìlú àdádó ló ń tú u fó. Nome àti Utqiaġvik ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni mo fi dán an wò.

Orúkọ ìlú ni wàhálà àkọ́kọ́. Barrow ni Utqiaġvik ń jẹ́ títí di 2016. Ẹni tó bá kọ Barrow lásán lè bá ara rẹ̀ ní Barrow-in-Furness, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà mẹ́ta ti pápákọ̀ òfurufú ni kí ẹ kọ: OME fún Nome, BRW fún Utqiaġvik. Tó bá jẹ́ latitude àti longitude (nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí ìlú wà lórí ayé) lẹ fẹ́ kọ, ẹ má gbàgbé àmì ìyọkúrò (-) níwájú longitude, ìyẹn nọ́ńbà kejì. Nome wà ní 64.50, -165.41. Tí àmì yẹn bá fò yín, ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà lẹ máa já sí.

Kìlómítà rẹ̀ dáa gan-an. Nǹkan bí 835 ló gbé jáde, mo fọwọ́ ṣírò rẹ̀, ó bára mu. Bí ìgbà tí èèyàn na okùn lé orí bọ́ọ̀lù ló ṣe ń wọn ayé. Ó fi ayé sí roboto, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ (láti àárín ayé dé ojú ilẹ̀) sì jẹ́ 6,371 kìlómítà. Nítorí pé ayé tẹ́ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì kìlómítà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Wákàtí ló bàjẹ́. Ó fi eré 800 kìlómítà ní wákàtí kan pín ọ̀nà náà, ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀, ó ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 33. Eré bàálù ńlá nìyẹn o! Bàálù kékeré tó ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí kan máa lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 47 lójú òfurufú nìkan. Tí atẹ́gùn tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọjú sí i, ó di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 29; tó bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 19. Àlọ àti àbọ̀ kò san ara wọn padà, nítorí àkókò tí bàálù fi ń bá atẹ́gùn jà ló pẹ́ jù.

Èyí tó burú jù ni pé ó ka ọ̀nà tààrà sí ọ̀nà tí bàálù ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù ńlá máa yà sí Anchorage, ìlú mìíràn ní Alaska, kìlómítà 867 láti Nome, kó tó fò tó 1,160 sí Utqiaġvik. Ó ti lé ní 2,000, láìka ìdúró. Síbẹ̀ irinṣẹ́ yìí tún kọ "wákàtí ìwakọ̀" sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí títì kankan tó so ìlú méjèèjì pọ̀.

Bí mo ṣe ń lò ó: mo ń kọ apá ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo ń fi eré bàálù tó ń ná ọ̀nà yẹn gan-an pín kìlómítà rẹ̀, mo sì ń wo ìwé àkókò bàálù fún iye wákàtí ìdúró.