Ṣọ́ọ̀bù Ohun Èlò Ọmọ Kan ní Tákíẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ìyá ọmọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ọmọ yín bá ti tó oṣù mẹ́rin, tí ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ń gba ẹnu lọ, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọmọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lápá Tákíẹ̀. Màmá tó ni ín mọ ohun tó ń tà.

Télọ̀ ni mí. Abẹ́rẹ́, bọ́tìnì, ṣíìpù, kò sí èyí tí kì í já bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi obìnrin á fa tépù lọ́rùn mi, á kì í bọnu. Àwọn oníbàárà á ní kí n máa gbá a lọ́wọ́. N kò jẹ́ gbá a láé. Ọwọ́ ọmọ oṣù márùn-ún ò tíì gbọ́n tó ètè àti ahọ́n rẹ̀. Ẹnu ló fi ń mọ ohun tó le, ohun tó rọ̀, ohun tó tutù. Tiwa ni ká wá ohun tó dáa fún un kó sẹ́nu.

Rọ́bà tí ọmọ ń rún ni mo lọ rà. Èyí tó lómi nínú, tó ń dán, ni mo kọ́kọ́ mú. Màmá náà ní, "Màmá ọmọ, ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre. Tí eyín bá yọ, á dá a lu, omi inú rẹ̀ á dà sí i lẹ́nu." Òrùka sílíkóònù tí kò lómi nínú ló fún mi, ₦3,500. Kí n tó sanwó, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́, ó ń wò ó bóyá ìka rẹ̀ á ká a.

Ó ní páálí inú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan lábẹ́ káńtà. Ohun ìṣeré tó bá ti lè gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Ẹja rọ́bà kékeré tí mo fẹ́ fi kún un gba ibẹ̀ kọjá wọ̀ọ́, mo bá dá a padà. Èyí tó ń tanná, àyàfi tí wọ́n bá fi síkúrù de ilé bátìrì rẹ̀ ló ń tà á. Bátìrì pẹlẹbẹ yẹn, bó bá há sọ́fun ọmọ, láàárín wákàtí 2 péré ó lè jó ẹran ibẹ̀.

Kò ta òògùn eyín rárá, inú mi sì dùn sí i. Láti ìparí ọdún 2008 wọ 2009, òògùn eyín olómi kan tó ní kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol nínú ba kíndìnrín àwọn ọmọ wa jẹ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó kú lé ní 80. Mi ò lè gbàgbé.

Nílé, mo bọ òrùka náà nínú omi gbígbóná, mo jẹ́ kó tutù. Ọmọ mi ò kàn gé e jẹ. Ó fi ahọ́n tọ apá tó ní kókó, ó yí i padà sí apá tó ń yọ̀, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún dá a padà síbi kókó. Itọ́ ń ṣàn dé ìgúnpá.

Eruku máa ń lẹ̀ mọ́ òrùka náà ṣáá, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà ga fún ẹni tó pọnmọ. Ẹ mú owó dání o, POS wọn kì í sábà ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.