Ibi tí wọ́n ti ń múni sílẹ̀ fún ìntáfíù PA n'Ífẹ̀: owó wa ò ṣòfò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ífẹ̀ tàbí Modákẹ́kẹ́ tẹ́ ẹ ń múra ìntáfíù ilé ìwé physician assistant (PA, àwọn tó ń yẹ aláìsàn wò tí wọ́n sì ń tọ́jú wọn pẹ̀lú dókítà) l'Amẹ́ríkà, ibì kan wà ní Lágere, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á jókòó síwájú yín bíi pé àwọn gan an ló fẹ́ gbà yín wọlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa fún ìjókòó kan. Èmi ni mo sanwó, àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe ìntáfíù, nọ́ọ̀sì ni, Iléṣà ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà kí n jókòó sẹ́yìn.

Àǹtí tó ń kọ́ wọn bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ ṣe PA. Àbúrò mi ní òun fẹ́ràn láti máa ṣèrànlọ́wọ́ fáwọn èèyàn. Àǹtí ní, "Ṣé kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ náà lò ń ṣe ní wọ́ọ̀dù ni? Nígbà tó o sì ti ní nọ́ọ̀sì nílẹ̀, kí ló dé tó ò kúkú lọ ṣe nurse practitioner, nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i tó fi lè máa yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn fún wọn?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Àǹtí là á yé e pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà ni wọ́n ń kọ́ PA, wọ́n á kó wọn gba ọ̀dọ̀ ọmọdé, aláboyún, iṣẹ́ abẹ, pàjáwìrì, tó bá sì gbàwé ẹ̀rí ẹ̀ tán ó lè wà nídìí iṣẹ́ abẹ kó tún bọ́ sí ti awọ ara láìpadà lọ gba dìgírì míì, àmọ́ nurse practitioner ní tiẹ̀, irú aláìsàn tó máa tọ́jú ló ti máa yàn látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní Duke University ní North Carolina ni Dókítà Eugene Stead ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ PA ní 1965, àwọn tó ti tọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ló sì kọ́kọ́ mú. Mo rí i pé èyí wọ àbúrò mi lọ́kàn, torí òun náà ti fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́jú èèyàn kó tó ronú kan ilé ìwé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn ò jẹ́ kó há nǹkan kan sórí. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ, "a" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, a ṣe báyìí, a pe dókítà, torí wọn ò tọ́ wa pé ká máa yin ara wa. Àǹtí á ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fọwọ́ ẹ ṣe?" Ìgbà yẹn ló tó sọ pé òun lòun kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ọlọ́mọ kan ti ń pọ̀ jù, tóun ń fọwọ́ ra á nínú títí dókítà fi dé. Ilé kan náà là ń gbé, mi ò gbọ́ ọ rí! Torí orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ṣe ìntáfíù gan an, wọ́n tún kọ́ ọ kó máa wo ojú kámẹ́rà, ó ń wolẹ̀ ṣáá bí ẹni tó ń bá ìyá ìyàwó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ń ṣe MMI (multiple mini interview) náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní McMaster University ní Kánádà, ìbéèrè kan lọ́dọ̀ ẹnì kan, aago á dún, o máa kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì yálà o sọ̀rọ̀ tán o ò sọ tán. Wọ́n bi í pé tí ọtí bá ń rùn lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀nà tó gbà rò ó gan an ni wọ́n ń gbọ́.

Yàrá iwájú ò dáa o, ariwo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ra yín. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pín náà, ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ London ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má gbára lé e. Wọn ò sì sọ fún wa pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwé PA ló ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tó yẹ kó ṣáájú owó pàápàá, torí náà ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé fúnra yín. Ẹ ṣọ́ aago ìntáfíù orí kọ̀ǹpútà náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní New York máa ń jẹ́ aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó bá di November ó ti di aago mẹ́ta.

Sátidé máa ń kún, ẹ yáa lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé yàrá ẹ̀yìn lẹ fẹ́.