Ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbára: Windows 7 lẹ máa fi sí i, àbí 11?

Ìbéèrè yìí ni àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń bi mí jù tí wọ́n bá fẹ́ ra tòkunbọ̀. Wọ́n á ní Windows 7 ti mọ́ àwọn lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́. Tí àwọn bá gbé e sórí ẹ̀rọ tó lágbára, ṣé kò ní máa sáré ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó sì ná mi lówó.

RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Windows 7 tó jẹ́ 32-bit (oríṣi àtijọ́; 64-bit ni oríṣi tuntun) kò lè lò ju 4GB lọ, ì báà jẹ́ 32GB lẹ kó sínú ẹ̀rọ. Mo ní skánà àtijọ́ kan tí driver rẹ̀ (sọ́fítíwéà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lò ó) kò ṣiṣẹ́ lórí 64-bit. Nígbà tí mo wá ra kọ̀ǹpútà oní-16GB tó ní i7 (irú processor Intel kan, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà), 32-bit náà ni mo ní kí wọ́n bá mi fi sí i. Ìléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe ń rí tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé: àwọn regbéregbé ń fẹ́ ìwé ètò, àwọn ìdílé Balógun ń fẹ́ bánà tí fọ́tò ẹlẹ́ṣin wọn máa wà lára rẹ̀. Mo ṣí bánà kan, mo kó fọ́tò mẹ́fà sí i, kọ̀ǹpútà dì gbagidi. Máòsì ò mira. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún dì. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Mo ra RAM 8GB kún un, owó yẹn wọgbó. Ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí Computer, tí mo yan Properties, ni mo tó rí i: "24.0 GB (3.45 GB usable)", ìyẹn ni pé 3.45 péré ló ṣeé lò nínú 24. Oníbàárà méjì ti gba iṣẹ́ wọn lọ síbòmíì kí n tó mọ ohun tó ń ṣe mí.

Windows 7 tó jẹ́ 64-bit sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Home Premium kì í lò ju 16GB; àfi ẹ̀dà Professional sókè. Ní ti Windows 11, kò sí 32-bit rẹ̀ rárá, torí náà kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì fi sí i fún yín.

Driver náà ńkọ́? Ọdún 2009 ni Windows 7 jáde, kò sì ní driver USB 3.0 (ojú ihò USB tó yára, tó wà lára ẹ̀rọ tuntun) nínú. Tẹ́ ẹ bá ń fi í sórí ẹ̀rọ tuntun, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì lè kú síbi tó ti ń ní kẹ́ ẹ yan èdè. Kì í rí dísìkì NVMe (irú dísìkì tuntun tó yára) náà, àfi tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá fi driver rẹ̀ kún un.

Ààbò: Microsoft tó ṣe Windows ti ṣíwọ́ àtúnṣe Windows 7 fún gbogbo ayé láti 14 oṣù kìíní 2020, Chrome tá a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì sì pa á tì ní 2023. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ báńkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Príńtà àti skánà àtijọ́: Windows 7 ló gbégbá orókè. Skánà mi ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù kékeré kan tí kì í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Windows 11 náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó ń fẹ́ TPM 2.0 (ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà), ó sì ń fẹ́ processor Intel ìran kẹjọ sókè, bẹ́ẹ̀ ìran kẹrin àti ìkẹfà ló pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì lẹ máa wò: i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-8500 jẹ́ ìkẹjọ. Windows 10 á gba ìkẹfà, àmọ́ àtúnṣe tirẹ̀ náà fún gbogbo ayé parí ní 14 oṣù kẹwàá 2025.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ 4GB lẹ ní, tí ẹ kàn ń tẹ lẹ́tà, Windows 7 á ṣe é fún yín. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi owó gidi ra agbára, kó jẹ́ kí agbára yẹn ṣiṣẹ́: ìran kẹjọ, 16GB, Windows 11. Kẹ́ ẹ sì tó ka owó sílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí Properties lójú yín, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́.