.odt àti .docx: èwo ni ká fi ìwé wa pamọ́ sí?

Oríṣi fáìlì méjì fún ìwé tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n: .docx ni ti Word, .odt sì ni ti LibreOffice, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ Word. Inú wọn jọra ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ yí ìparí orúkọ fáìlì .odt sí .zip (fáìlì tí a di àwọn fáìlì mìíràn sínú rẹ̀), kí ẹ ṣí i: ẹ ó rí fáìlì content.xml, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún .docx, ẹ ó bá document.xml nínú àpò tó ń jẹ́ word.

Orísun wọn ló yàtọ̀. OASIS, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló gbé ODF, ìlànà tí .odt ń tẹ̀ lé, jáde ní 2005. ISO, àjọ àgbáyé tó ń fọwọ́ sí ìlànà, fọwọ́ sí i ní 2006. Microsoft ló ṣe OOXML, ìlànà tí .docx ń tẹ̀ lé, ISO sì gbà á ní 2008 lẹ́yìn àríyànjiyàn tó gbóná. Ìwé àlàyé rẹ̀ ju 6,000 ojú-ewé lọ! Ẹ̀yà OOXML tó ń jẹ́ Transitional, tó ṣì ru ẹrù Word àtijọ́, ni Word sábà máa ń lò. Ìyẹn wà lára ohun tó ń da ètò ojú-ewé rú nínú sọ́fítíwià mìíràn.

Ìjọba Brítéènì yan ODF ní 2014 fún ìwé tí òṣìṣẹ́ àti aráàlú jọ ń ṣàtúnṣe. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì náà kéde ní 2024 pé LibreOffice ni òun ń lọ sí. Mo wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá. Ti aráàlú ni ìwé ìjọba. Kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo máa pinnu bí yóò ṣe rí lójú wa.

Bí oníbàárà yín bá ń lo Word, tẹ́ ẹ sì jọ ń ṣàtúnṣe, ẹ fi .docx ránṣẹ́. Ẹ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú fọ́dún gbọọrọ, ẹ fi í sí .odt.