Vogel State Park ní Georgia: ẹ̀yin tọkọtìyàwó tí iṣẹ́ ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ara yín, ẹ lọ síbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Atlanta, Lawrenceville, Marietta àti gbogbo agbègbè yẹn, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí ọkọ ṣe ń ti ṣíìfùtì dé nìyàwó ń mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde, tìtorí yín ni mo ṣe ń kọ eléyìí. Ibì kan wà ní àríwá Georgia, nítòsí ìlú Blairsville, Vogel State Park lorúkọ ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, bíi wákàtí méjì sí Atlanta. Èmi àti Bàbá Ìbejì lọ lo wíkẹ́ńdì kan níbẹ̀ nígbà tí ewé igi ń pọ́n, a gba ilé onípákó kékeré kan, kí n sòótọ́, owó tá a ná síbẹ̀ ò dùn mí rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé téèyàn bá máa sinmi pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, àfi kó wọ báálù lọ Dubai tàbí Cancun. Irọ́ ni o.

Ọ̀nà Dahlonega la gbà, US 19, mo sì fẹ́ kẹ́yin náà gba ibẹ̀. Góòlù ló sọ Dahlonega di ìlú, ní nǹkan bíi 1829 làwọn aláwọ̀ funfun ya wọ agbègbè yẹn, kò sì pẹ́ rárá, 1838, ni wọ́n fi tipátipá kó àwọn Cherokee tó ni ilẹ̀ lọ sọ́nà Oklahoma, ọ̀pọ̀ ló sì kú sójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá kọjá Dahlonega díẹ̀ ẹ máa rí òkìtì òkúta kan ní oríta, wọ́n ní ibẹ̀ ni sàréè Trahlyta, ọmọbìnrin Cherokee kan tí ìtàn sọ pé wọ́n jí gbé kúrò láàárín àwọn èèyàn ẹ̀ tí ìbànújẹ́ sì pa á. Ẹni tó bá ń kọjá á fi òkúta kan lé e. Bàbá Ìbejì páàkì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá òkúta kan, ó fi síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan títí tó fi padà sínú mọ́tò. Orúkọ ọmọbìnrin yẹn náà ni wọ́n fún adágún tó wà nínú Vogel, Lake Trahlyta.

Adágún ọ̀hún ò tóbi, bíi éékà 22 ni, àárín òkè ló wà, òkè yí i ká, igi bo gbogbo òkè náà. Ibẹ̀ fi bíi 2,500 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá rò pé ooru Atlanta lẹ máa bá níbẹ̀, òtútù alẹ́ á kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ẹ mú súẹ́tà. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ jí lọ wo omi yẹn o, ẹ má sùn kọjá aago méje. Kùrukùru á ti bo orí omi pátápátá, ẹ ò ní rí òdìkejì, tóòrùn bá wá yọ lẹ́yìn òkè, ó máa ká sókè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ká ẹní, ẹ máa kọ́kọ́ rí etí omi, lẹ́yìn náà ewé pupa, ewé òféfèé, èyí tó ti di brown, gbogbo ẹ̀ nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, mi ò tíì rí i báyẹn rí, torí lásìkò yẹn sáá, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń wà lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ilé. Ilé pákó ni, ó ní kíṣìnnì tó ní sítóòfù, fíríìjì, ìkòkò àti àwo, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún wa, táwẹ́ẹ̀lì wà. Ẹni tó ń wá jacuzzi àti tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri, kó wá ibòmíì lọ, ibẹ̀ kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ti gba ilé orí òkè kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fi ilé ẹ̀ háyà, ilé yẹn dán bí ilé gómìnà, ṣùgbọ́n owó ìmọ́tótó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé, wọ́n tún lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ká fọ àwo, ká kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ká gbé pàǹtírí jáde ká tó lọ. Kí ni mo wá sanwó ìmọ́tótó fún nígbà yẹn? Ní Vogel kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu. A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́fíìsì wọn, a wọlé, ó parí.

Oúnjẹ tiwa la gbé lọ. Mo ti se ẹ̀fọ́ rírò sílẹ̀ látilé, mo gbé gàrí, ẹja gbígbẹ, ata tí mo ti dín, gbogbo ẹ̀ nínú kúùlà, nígbà tí omi hó lórí sítóòfù wọn tí mo tẹ ẹ̀bà, Bàbá Ìbejì ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀bà máa ń dùn báyìí nínú òtútù. Ṣùgbọ́n o, ẹ fetí sílẹ̀, béárì wà ní gbogbo òkè yẹn, béárì dúdú. Ẹ má gbé oúnjẹ sílẹ̀ níta, ẹ má fi kúùlà sílẹ̀ ní fàráńdà, kódà egungun ẹja tẹ́ ẹ bá jẹ kù, inú garawa pàǹtírí tí wọ́n ṣe nítorí béárì ni kẹ́ ẹ dà á sí kẹ́ ẹ sì ti ìdérí ẹ̀ dáadáa. Òórùn ẹja gbígbẹ tiwa yìí kì í ṣe kékeré.

Ní ti ohun téèyàn lè ṣe, ọ̀nà kan wà tó yí adágún ká, máìlì kan péré ni, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, Bàbá Ìbejì tí orúnkún ń dà láàmú rìn ín yí po wọ́ọ́rọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti dí omi, ẹ yà sísàlẹ̀, omi tó ń já bọ́ látorí òkúta wà níbẹ̀, Trahlyta Falls, ariwo ẹ̀ nìkan tó fún mi. Ẹni tágbára bá wà fún lè gun Blood Mountain, ó lé ní 4,400 ẹsẹ̀ bàtà, àwa ò débẹ̀. Mọ́tò la gbé lọ sí Neel Gap, kò jìnnà rárá, ilé olókùúta kan wà níbẹ̀ tí Appalachian Trail gba inú ẹ̀ kọjá, ọ̀nà tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Georgia títí dé Maine, ó lé ní 2,000 máìlì. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ilé yẹn ṣe, bàtà àwọn tó ti rìn ín ló so rọ̀ lókè àjà.

Èyí tó wọ̀ wá lára jù ni mùsíọ́ọ̀mù kékeré tó wà nínú Vogel fúnra ẹ̀. Ọdún 1931 ni ibẹ̀ di state park, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo nǹkan le koko ní Amẹ́ríkà láyé àwọn 1930, ìjọba Ààrẹ Roosevelt kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ò ríṣẹ́ jọ, CCC (Civilian Conservation Corps) ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ni wọ́n dí omi yẹn tó fi di adágún, àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ilé àkọ́kọ́, tí wọ́n la ọ̀nà. 30 dọ́là ni wọ́n ń san fún wọn lóṣù, bíi 25 nínú ẹ̀ ló ń lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn nílé. Bàbá Ìbejì dúró síbẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, àwọn wọ̀nyí náà ń fowó ránṣẹ́ sílé." Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, marùn-ún péré ló kù sí wọn lọ́wọ́." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwa méjèèjì dúró níwájú fọ́tò àwọn ọmọ yẹn, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn, òmíràn ò tó ọmọ ogún ọdún, mo sì rí i pé ojú ọkọ mi ti yí padà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tó sọ̀rọ̀ gan-an. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé láàárín òkè yẹn, WhatsApp ò dún, kò sí ẹni tó ń pè látilé, ilé iṣẹ́ ò lè ní kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. A ra igi ìdáná, a dá iná síta, a fi ìrọ̀rí sórí àga, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà bora. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ lọ sílé ìwé tí mo ń sọ tẹ́lẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ pé ó rántí. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù bó ṣe ń wa trọ́ọ̀kì lóru ń bà mí, pé mi kì í sùn títí á fi tẹ̀ mí láago. Ó ní, "O ò sọ fún mi rí." Òótọ́ ni, ibo la ti fẹ́ sọ ọ́? Nínú ilé tiwa, ìwé kékeré tá a lẹ̀ mọ́ fíríìjì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń pariwo ibí yìí nìyẹn o, kì í ṣe torí òkè àti omi nìkan, kò sí nǹkan míì níbẹ̀ tó máa gba ọkọ yín mọ́ yín lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè búùkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì Georgia State Parks, wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀ fún oṣù 13 ṣáájú, wíkẹ́ńdì October sì kì í pẹ́ tán torí gbogbo ayé ló ń wá wo ewé, ojú ọ̀nà á kún fọ́fọ́. Tí iṣẹ́ yín bá gbà yín láyè, ọjọ́ Àìkú sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dáa jù. Ẹ ra epo mọ́tò àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa jẹ kẹ́ ẹ tó gùnkè, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán tó máa mú àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá wa mú tiwa. Àwa ti sanwó ti oṣù February sílẹ̀ báyìí, mo ní kí wọ́n fún wa nílé tó ní ibi ìdáná nínú pálọ̀.